Ara Yíyún, Kókó Ìbàdí àti Ojú tí Ń Ṣú: Ìtàn Bí A Ṣe Dá Àmì Àrùn Ìfọ́jú Etí Odò Mọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíńjìn ti í mẹ́kún sun. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu, nítorí pé àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé òkèèrè ni òun náà ti í bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ sí ojú. Ìbàdí ni ó sábà máa ń dó sí, ojúgun ni ó máa ń bà jẹ́, òru ni ó máa ń fi ẹ̀yún dààmú ẹni. Ó lè tó ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí kí ó tó dé ojú. Bí ó bá sì ti fọ́ ojú tán, kò sí oògùn tí ó lè dá ìríran náà padà. Àrùn náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní onchocerciasis, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àrùn ìfọ́jú etí odò.

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbájú mọ́ ni ìtàn bí a ṣe dá àrùn náà mọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò rí àmì rẹ̀. Wọ́n rí i, wọ́n sì fún àwọn àmì náà ní orúkọ. Ohun tí ó gba àkókò ni síso àwọn àmì náà pọ̀ mọ́ ara wọn, kí a tó mọ̀ pé ara tí ń yún lónìí lè jẹ́ ìkìlọ̀ fún ojú tí yóò fọ́ lọ́jọ́ iwájú. Láti ọdún 1875 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọmọ aràn náà nínú awọ ènìyàn títí di ìgbà tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fọ́ ojú àwọn ènìyàn ní Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 ọdún. A ó yẹ ìdí tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wò. A ó sì wo ibi tí ó ti kan olùkọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé wà nínú ìtàn yìí ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

N kò ní í fi ohun tí ó sún mi dé ìdí iṣẹ́ yìí pamọ́. Àbúrò ìyá-ìyá mi kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ń gbé ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, nítòsí odò tí omi rẹ̀ máa ń fi agbára ṣàn lórí àpáta nígbà òjò. Bí a bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ tèmi ni láti máa wá ṣùkù àgbàdo tí wọn yóò fi họ ẹ̀yìn. Ojúgun wọn méjèèjì ṣe tótòtó funfun. Àwa ọmọdé gbà pé omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ni ó dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọn kò jáde mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àpótí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń rí ẹni tí ó dúró ní ọ̀kánkán wọn dáadáa. Àwọn ará ilé ní àgbà ló dé. Wọn kò tí ì pé àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ní ọlidé méjì tí ó tẹ̀lé e, èmi ni mo ń di orí ọ̀pá wọn mú bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ọjà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ṣùkù àgbàdo, ojúgun funfun àti ọ̀pá yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Orúkọ tí a fún àwọn àmì náà

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní orúkọ fún àrùn awọ. Kúrúnà wà, làpálàpá wà, ẹ̀tẹ̀ wà, inárun sì wà. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní agbègbè Ìbàràpá ní àwọn ọdún 1980, inárun ni orúkọ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ará ìlú fún ara yíyún àti ara sísú tí àrùn yìí máa ń mú wá. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ìwádìí lọ́tọ̀ lórí ohun tí àwọn obìnrin gbà gbọ́ nípa rẹ̀ àti oyún. Ẹni tí ó bá fi etí sí orúkọ náà yóò gbọ́ ‘iná’ nínú rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti yún láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú kò ní í bi wá léèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí orúkọ ṣe. Inárun jẹ́ àrùn ara. Ẹni tí ó bá ṣe, adáhunṣe tí ó mọ̀ nípa ara ni yóò tọ̀ lọ, ọṣẹ, ìpara tàbí àgbo ni yóò sì gbà bọ̀. Kókó tí ó yọ ní ìbàdí, kókó lásán ni. Kì í sábà dunni, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń ka irú rẹ̀ sí. Ní ti ojú tí ń ṣú, ọ̀rọ̀ ojú ni ìyẹn. Ẹlòmíràn ni ó ni ín, tàbí kí a sọ pé ọwọ́ ayé ni, tàbí kí a ní ọjọ́ orí ni. Báyìí ni àrùn kan ṣoṣo ṣe pín sí mẹ́ta lẹ́nu wa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sí ojúlé tirẹ̀. N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn baba wa. Àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lọ́wọ́ kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí, àti ohun tí wọn kò rí

Ní ọdún 1875, John O'Neill, dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ awọ àwọn aláìsàn wò ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Àìsàn awọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní craw-craw ni ó ń ṣe wọ́n, irú èyí tí Yorùbá ìbá pè ní kúrúnà. Ó rí aràn tín-ín-tín tí ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Awọ ni ó ń wò, ibi awọ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ. Ní 1893, Rudolf Leuckart, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣe àpèjúwe aràn tí ó ti dàgbà, èyí tí wọ́n yọ láti inú kókó abẹ́ awọ àwọn ènìyàn ní Gold Coast bákan náà. Ti kókó ni òun náà ń bá kiri.

Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá so kókó mọ́ ojú. Ní Guatemala, ní àáríngbùngbùn Amẹ́ríkà, Rodolfo Robles ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ oko kọfí. Láàárín 1915 sí 1917, ó kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n ní kókó ní orí ni ojú ń dùn, tí wọn kì í fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀, tí ìríran wọn sì ń dínkù. Bí ó bá sì gé kókó náà kúrò, ara a máa tu ojú. Ó tilẹ̀ fura sí eṣinṣin tí ń gé ènìyàn jẹ nítòsí omi pé òun ni ó ń gbé àrùn náà kiri.

Èrò tèmi ni pé ibi tí kókó wà ni ó ran Robles lọ́wọ́. Ní Guatemala, orí ni kókó náà ti sábà máa ń yọ, kò sì jìnnà sí ojú. Ní Áfíríkà, ìbàdí àti ẹ̀gbẹ́ ìdí ni ó máa ń wà, lábẹ́ ìró àti ṣòkòtò, níbi tí olówó ara nìkan ń rí. Ta ni yóò wo kókó ìdí kí ó tó sọ pé ojú ń bọ̀ wá fọ́?

Ní 1926, Donald Blacklock fi hàn ní Sierra Leone pé eṣinṣin dúdú kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Simulium damnosum ni ó ń gbé aràn náà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Nígbà náà, a ti mọ awọ, a ti mọ kókó, a ti mọ eṣinṣin. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń jiyàn pé ti Áfíríkà kì í fọ́ ojú. Jean Hissette, oníṣègùn ará Belgium tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ni ó pa iyàn náà. Ní etí odò Sankuru, láàárín 1930 sí 1932, ó bá àwọn abúlé tí afọ́jú ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì rí aràn náà nínú ojú wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìrìn àjò ìwádìí tí Yunifásítì Harvard ṣe lọ sí Kóńgò ní 1934 ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Harold Ridley, dókítà ojú tí iṣẹ́ ológun gbé wá sí Gold Coast nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, yẹ ojú àwọn ènìyàn wò ní Funsi ní apá àríwá ilẹ̀ náà. Ìwé tí ó kọ jáde ní 1945 ṣe àlàyé ohun tí aràn náà ń bà jẹ́ ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí a kò lè fi ojú lásán rí. (Ridley yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ fi dígí àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949. Gbogbo ẹni tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, tí wọ́n sì fi dígí síbẹ̀, ọpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jẹ.) Ní Nàìjíríà, F. H. Budden ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní apá Àríwá ní àwọn ọdún 1950.

Ìrìn aràn náà láti ìbàdí dé ojú

Omi tí ń sáré ni eṣinṣin náà fẹ́ràn. Kì í pamọ sí omi adágún bí ẹ̀fọn. Orí òkúta àti ewéko tí omi ń gbá ni í pamọ sí. Abo rẹ̀ nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ọ̀sán gangan ni ó sì ń jẹni, ní àkókò tí àgbẹ̀ wà lóko, tí àwọn ọmọdé ń pọn omi, tí àwọn apẹja wà lódò. Bí ó bá jẹ ẹni tí aràn wà lára rẹ̀, ó gbé ọmọ aràn. Bí ó bá jẹ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìjẹ kan tàbí méjì kò tó láti fọ́ ojú ènìyàn. Ìjẹ ọdún pípẹ́ ni ó ń kó ẹrù jọ sí ara.

Aràn tí ó bá dàgbà yóò wá ká jọ sínú kókó abẹ́ awọ, ó sì lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọdún 10 sí 15. Ojoojúmọ́ ni abo rẹ̀ ń bí ọmọ, tí iye wọn ń lọ sí nǹkan bí 1,000. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń rìn kiri nínú awọ. Nígbà tí wọ́n bá wà láàyè, wahala wọn kì í pọ̀; ikú wọn gan-an ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ara. Ìdí nìyí tí ara fi ń yún. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, awọ yóò le, yóò hunjọ, àwọ̀ dúdú yóò sì ṣí kúrò ní ojúgun ní tótòtó, bí awọ ẹkùn. Àwọn kan ti fi èyí pe aláìsàn ní adẹ́tẹ̀, wọ́n sì ti yẹra fún un láìnídìí.

Nígbà tí ọmọ aràn bá dé ojú, àmì àkọ́kọ́ kò ju ohun tí gbogbo wa ti rí rí lọ: ojú yíyún, ojú pípọ́n, omi tí ń jáde lójú, àìlè wo oòrùn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ara ẹni náà yóò ní eruku ni. Lẹ́yìn náà ni awọ tí ó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú yóò máa ní àbàwọ́n, tí yóò sì di funfun díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kejì léwu jù, nítorí pé ìta ojú kò ní í fi nǹkan kan hàn: iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ ni yóò máa kú. Ẹni náà kò ní í ríran dáadáa mọ́ ní àṣálẹ́. Yóò máa pàdánù ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, títí tí ìríran rẹ̀ yóò fi dà bí ti ẹni tí ń yọjú láti inú ihò ìlẹ̀kùn. Èyí ni àpótí tí Ìyá Kékeré ń kọlù.

Ó yẹ kí a fi kún un pé àrùn náà kò ṣe bákan náà níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó ti ń fọ́ ojú jù. Ní ilẹ̀ igbó kìjikìji, awọ ni ó sábà máa ń bà jẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín méjèèjì, èyí sì lè wà lára ìdí tí orúkọ awọ fi borí orúkọ ojú lẹ́nu wa.

Ọmọ tí ń fa ọ̀pá

Ní iwájú olú ilé-iṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, ère kan wà: ọmọdékùnrin kan ń fi ọ̀pá fa àgbàlagbà afọ́jú. Irú rẹ̀ wà ní Báńkì Àgbáyé ní Washington, ó sì wà ní Burkina Faso. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó wo ère náà, afọ́jú ni wọ́n ń káàánú. Olùkọ́ ní láti wo ọmọ náà. Bí ó bá ń fa ọ̀pá láàárọ̀, ta ni ó jókòó sí àyè rẹ̀ nínú kíláàsì? Afọ́jú kan nínú ilé, ọmọ kan ti kúrò ní ilé-ìwé nìyẹn. Ní àwọn àfonífojì odò tí àrùn náà ti le jù, àwọn ènìyàn kó kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, wọ́n lọ ń dáko lórí ilẹ̀ olókùúta.

Irú àwòrán yìí ni Robert McNamara, ààrẹ Báńkì Àgbáyé, rí nígbà tí ó ṣàbẹ̀wò sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1972. Ní 1974, ètò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 7, Benin àti Togo wà lára wọn; nígbà tí ó yá, wọ́n di 11. Bàlúù ni wọ́n fi ń da oògùn sínú odò láti pa ìdin eṣinṣin náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn aràn tí ó wà lára ènìyàn lè gbó kí wọ́n sì kú láìrí ẹni gbé ọmọ wọn lọ. Nígbà tí ètò náà parí ní 2002, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ti gba nǹkan bí ènìyàn 600,000 lọ́wọ́ ìfọ́jú, ilẹ̀ oko tí ó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 25 sì ti ṣeé gbé padà. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn 11 náà. Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà ní orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ètò, àwọn ìbátan wọn ní Òkè-Ògùn wà ní òdìkejì ààlà. Eṣinṣin kò mọ ààlà tí òyìnbó fà, ṣùgbọ́n bàlúù mọ̀ ọ́n.

Oògùn àti ọ̀pá ìwọnga

Inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí ohun tí ó di oògùn àrùn yìí. Satoshi Ōmura ni ó bu iyẹ̀pẹ̀ náà, William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Merck ni ó rí i pé ó ń pa aràn. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú. Ní 1987, Merck kéde pé àwọn yóò máa fún àwọn tí àrùn yìí ń bá jà ní Mectizan lọ́fẹ̀ẹ́, iye tí wọ́n bá nílò, fún ìgbà tí wọ́n bá fi nílò rẹ̀. Ní 2015, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Mo ti ṣírò ọdún náà lọ́pọ̀ ìgbà: nígbà tí mo ń di ọ̀pá Ìyá Kékeré mú, oògùn náà ti wà, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa ni.

Ọmọ Nàìjíríà kó ipa ńlá níhìn-ín. Àwọn oníṣègùn kò tí ì mọ̀ dájú bóyá oògùn náà lè dáàbò bo iṣan ẹ̀yìn ojú. Adéníkẹ̀ẹ́ Abíọ́sẹ̀, oníṣègùn ojú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń lo oògùn náà lọ́dọọdún kò ní ìbàjẹ́ iṣan ojú tó àwọn tí kò lò ó. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé bí a bá tètè rí àmì ara, a lè gba ojú là.

Oògùn náà kì í pa àgbà aràn. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń pa, ó sì ń dá ìbímọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, a ní láti máa lò ó lọ́dọọdún, ó kéré tán, títí tí àgbà aràn yóò fi kú. Ará ìlú fúnra wọn ni ó ń yan ẹni tí yóò pín in. Kò sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tí a ti fa ìlà sí ni ó fi ń wọn gíga ènìyàn, ìlà tí orí bá kàn ni ó ń sọ iye hóró tí yóò lò. Ọmọ tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni aboyún àti abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ojú olùkọ́ nínú kíláàsì

Kí a má ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Àrùn etí odò kọ́ ni ó ń fọ́ ojú jù ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nínú àwọn tí wọ́n ti pé ẹni 40 ọdún sókè, 4.2 nínú 100 ni ó fọ́jú. Ẹyin ojú tí ó di funfun ni ó fa nǹkan bí 43 nínú 100 ìfọ́jú náà, iṣẹ́ abẹ sì lè tún irú èyí ṣe. Àrùn tí ń ti inú ẹyinjú pa iṣan ojú, tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tẹ̀ lé e pẹ̀lú nǹkan bí 17. Òun náà a máa jí ìríran ẹ̀gbẹ́ gbé láìdunni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọlu nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dájọ́ fún ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú ni ó yẹ kí ó gbà lọ.

Nínú kíláàsì, ohun tí olùkọ́ lè rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ń rí ọmọ kan náà fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Ọmọ tí ń họ ara láti àárọ̀ tí kò lè fi ọkàn sí iṣẹ́ kì í ṣe aláìgbọ́ràn. Ó lè jẹ́ pé kò sùn lóru. Ọmọ tí kò rí ọ̀nà dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lè jẹ́ ẹni tí oúnjẹ tí ń ṣe ojú lóore kò tó lára rẹ̀. Ọmọ tí ń súnmọ́ pátákó lè nílò awò ojú lásán. Ọmọ tí dúdú àárín ojú rẹ̀ bá funfun, kò sí ohun tí ó gbọdọ̀ dá a dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí tí mo rí pé a kì í béèrè rí ni ti ọmọ tí kì í wá ní ọjọ́ ọjà. Ẹgba ni a máa ń fi dá irú rẹ̀ lóhùn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ń mú lọ sí ọjà.

Ní ti àrùn etí odò fúnra rẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, Plateau àti Nasarawa ti dáwọ́ pínpín oògùn rẹ̀ dúró ní 2018. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè Niger ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Kí ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tó lè dáwọ́ oògùn dúró, ojú àgbàlagbà kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo eṣinṣin etí odò, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 10, àwọn tí a bí lẹ́yìn tí oògùn ti dé. Àwọn tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé aràn náà ti dé ara wọn kò gbọdọ̀ tó ọmọ 1 nínú 1,000.